Rédíò Tí Ó Ń Gba Èsì

Ní ayé àtijọ́, ọ̀nà tí ìròyìn ń gbà dé etí aráàlú kò pọ̀. Bí ọba bá ní ọ̀rọ̀ láti sọ, akéde a gbé agogo, a sì máa lù ú kiri àdúgbò. Bí ọ̀nà bá jìn, àròkò ni wọ́n ń fi ránṣẹ́. Nígbà tí ó di ọdún 1935, ẹ̀rọ Rediffusion dé ìlú Èkó. Àpótí kékeré ni, ọ̀rọ̀ sì ń ti inú rẹ̀ jáde bí ẹni pé ènìyàn ni ó wà níbẹ̀. Àwọn àgbà wò ó títí, wọ́n rí i pé bí a bá bi í léèrè ọ̀rọ̀, kì í fèsì. Wọ́n sọ ọ́ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà bá a mu, ṣùgbọ́n inú orúkọ náà ni àléébù rẹ̀ wà pẹ̀lú. Ní ọjọ́ tí jàǹbá bá dé, kì í ṣe ohun tí ẹni tí ó wà nínú ewu yóò gbọ́ nìkan ni ó ṣe pàtàkì. Ó ní ohun tí òun náà fẹ́ sọ.

Àwọn ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ kò lè gbàgbé ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 27 oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2002. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, iná ràn mọ́ ibi tí àwọn ọmọ ogun kó ohun ìjà pamọ́ sí ní bárékè Ìkẹjà. Bọ́ǹbù bẹ̀rẹ̀ sí bú gbàmù, ilẹ̀ ń mì tìtì, gíláàsì fèrèsé ń fọ́ ní ọ̀nà jíjìn. Àwọn kan ní ogun ni ó dé. Àwọn mìíràn ní àwọn ṣọ́jà ni ó fẹ́ gba ìjọba. Ọ̀pọ̀ ènìyàn sá gba ọ̀nà Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ lọ, títí wọ́n fi dé odò gbígbẹ́ tí ó wà ní Òkè-Àfá. Ilẹ̀ ti ṣú, koríko ojú omi sì ti bo odò náà tí ó fi dà bí ilẹ̀ lásán. Àwọn tí ó wà níwájú kó sínú rẹ̀. Àwọn tí ó wà lẹ́yìn kò mọ̀, wọ́n sì ń tì wọ́n síwájú. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ni ó bá omi náà lọ, tobìnrin tọmọdé. Gbogbo àwọn tí ó kú nínú jàǹbá náà lé ní 1,000.

Kí ẹni tí ó bá ń ka ìtàn yìí ṣàkíyèsí ohun kan. Kì í ṣe bọ́ǹbù ni ó pa àwọn tí ó kú sínú odò Òkè-Àfá; àìmọ̀ ni. Kò sí ẹni tí ó lè búra pé ẹ̀rọ kékeré kan ì bá ti gba gbogbo wọn là. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá wà létí odò náà tí ó lè sọ fún ẹni tí ó wà ní Òṣòdì pé, “Ẹ má gba ìhín, omi wà níbí,” ìrètí ì bá wà. Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní rédíò àfọwọ́mú mélòó kan, irú èyí tí àwọn ọlọ́pàá ń lò, tí ó ń sọ̀rọ̀ tí ó sì ń gba èsì.

Àwọn kan yóò wí pé, “Ní ọdún 2002, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, lónìí, ta ni kò ní in?” Òótọ́ ni. Ẹni tí ó bá sì rí jàǹbá ní Èkó lè pe 112 tàbí 767, kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba lè wá. Rédíò kò gbọdọ̀ gba ipò ìyẹn. Ṣùgbọ́n fóònù kì í dá ṣiṣẹ́. Òpó gíga ni ó ń gbé ohùn rẹ̀ kiri. Bí iná òpó náà bá kú, tàbí bí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn bá ń pe ẹbí wọn lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀rọ̀ kò ní kọjá. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, ìjì líle kan tí wọ́n ń pè ní Maria jà ní erékùṣù Puerto Rico, ó sì ba ọ̀pọ̀lọpọ̀ òpó jẹ́. Àwọn tí ó mọ rédíò lò wà lára àwọn tí ó ń bá aráàlú fi ìròyìn ránṣẹ́. Rédíò àfọwọ́mú kò nílò òpó. Láti ọwọ́ kan dé ọwọ́ kejì ni ohùn rẹ̀ ń lọ tààrà.

Irú rédíò yìí tí ó jẹ́ olówó pọ́ọ́kú wà lọ́jà, ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó fẹ́ rà á má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ orí páálí tan òun jẹ. Bí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé yóò gbé ohùn dé ọ̀pọ̀lọpọ̀ kìlómítà, orí òkè tàbí pápá gbalasa ni wọ́n ń sọ. Láàrin ilé alájà ní Máfolúkù tàbí ní Ìsọlọ̀, ògiri a máa dí i lọ́nà, tí ó fi lè má ju kìlómítà kan tàbí méjì lọ. Nítorí náà, kí wọ́n dán an wò ní àdúgbò tí wọn yóò ti lò ó kí wọ́n tó sanwó. Kí ó jẹ́ irú kan náà ni gbogbo wọn yóò rà, kí bátìrì ọ̀kan lè wọ inú èkejì. Kí bọ́tìnnì rẹ̀ má pọ̀ jù, nítorí ẹni tí ẹ̀rù ń bà kò lè máa wá bọ́tìnnì nínú òkùnkùn.

Òfin tún wà níbẹ̀. Àjọ NCC ni ó ń ṣe àkóso ìlò afẹ́fẹ́ rédíò ní Nàìjíríà, ẹni tí yóò bá sì lo irú ẹ̀rọ yìí ní láti kọ́kọ́ béèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Kí ẹnikẹ́ni má wí pé òfin náà le jù. Pápákọ̀ òfurufú Múrítàlá Mùhámọ́mẹ̀dì kò jìnnà sí Òṣòdì, rédíò ni àwọn awakọ̀ òfurufú sì fi ń gbàṣẹ kí wọ́n tó balẹ̀. Rédíò tí a ń lò ní ìlòkulò lè da ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn rú. Ìdí nìyí tí ó fi sàn kí ẹgbẹ́ àdúgbò gba àṣẹ, kí wọ́n ra márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí wọ́n sì fi í lé àwọn ènìyàn tí wọ́n mọ̀ lọ́wọ́, ju kí olúkúlùkù máa dá tirẹ̀ rà lọ.

Rírà kò tó. Lílò ni iṣẹ́ wà. Ẹni tí ó bá tẹ bọ́tìnnì láti sọ̀rọ̀ kò lè gbọ́ ti ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni kò ní jẹ́ kí ẹlòmíràn rí àyè sọ̀rọ̀. Nítorí náà, kí ó kọ́kọ́ fetí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ó tẹ bọ́tìnnì, kí ó dúró díẹ̀, kí ó dárúkọ ẹni tí ó ń pè, kí ó sì dárúkọ ara rẹ̀. Kí ó sọ ibi tí ó wà, ohun tí ó rí, iye ènìyàn tí ó fara pa, àti ọ̀nà tí kò ṣe é gbà. Kí ó wá dákẹ́. Ẹni tí ó gbọ́ yóò tún ọ̀rọ̀ náà sọ kí àṣìṣe má baà wọ̀ ọ́. Ohun tí a kò fojú rí, a kò gbọdọ̀ sọ ọ́ bí ẹni pé a rí i, nítorí àhesọ ni ó lé ọ̀pọ̀ ènìyàn sínú odò. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ó sì yẹ kí wọ́n yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí wọn yóò máa pe ara wọn, kí wọ́n sì máa fi iná sí bátìrì nígbà gbogbo. Rédíò tí a kó sínú àpótí fún ọdún méjì kò yàtọ̀ sí bíríkì ní ọjọ́ tí a bá nílò rẹ̀.

Owó rédíò márùn-ún kò tó èyí tí àdúgbò mìíràn ń ná sí àríyá kan ṣoṣo. Òkúta ìrántí àwọn tí ó kú wà ní Òkè-Àfá, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òkúta náà pàápàá kì í fèsì. Ìrántí tí ó dára jù tí àwọn alààyè lè ṣe fún wọn ni kí wọ́n pèsè ohùn sílẹ̀ de ọjọ́ mìíràn, kí ẹni tí ó bá rí ewu níwájú lè kìlọ̀ fún ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn.