Kókó Ọ̀rá ní Ìdí Etí

Ìyá kan wà ní àdúgbò wa tí wọ́n ń ta aṣọ. Fún ọdún mẹ́rin gbáko, a kò rí wọn rí kí gèlè wọn má bo etí òsì mọ́lẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin rò pé oge ni. Ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ kan, gèlè náà yẹ̀, a sì rí kókó kan ní abẹ́ etí wọn, ní ibi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti pàdé ọrùn. Ó tó ẹyin adìẹ kékeré. Kò sí ẹni tí ó sọ̀rọ̀ níwájú wọn, ṣùgbọ́n kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀rọ̀ ti kárí àdúgbò. Àwọn kan ní ayé ni ó ń ṣe wọ́n. Àwọn kan ní jẹjẹrẹ ni. Ẹnì kan tí ó gbọ́n lójú ara rẹ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fi abẹ là á, kí òun tẹ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ jáde, kí ọ̀rọ̀ sì parí.

Ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí ni a ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ̀kọ́ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ sí SVT. Nítorí náà ni ìyá náà fi wá bá wa ní alẹ́ ọjọ́ kejì. «Ọmọ mi, ṣé kí n jẹ́ kó là á?» A dáhùn pé: «Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí abẹ kankan dé ibẹ̀.» Ìdí tí a fi sọ bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ ṣàlàyé lónìí, nítorí a mọ̀ pé ìyá náà nìkan kọ́ ni ó ń fi irú kókó bẹ́ẹ̀ pamọ́. Bí gèlè ti ń bo tàwọn ìyá, bẹ́ẹ̀ ni fìlà abetí-ajá ń bo tàwọn baba.

Itọ́ tí a ń gbé mì láìrò ó wò, láti ibì kan ni ó ti ń sun. Orísun itọ́ ńlá mẹ́ta ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ojú wa kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan wà níwájú etí, ó sì sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀yìn egungun àgbọ̀n, ọ̀kan wà lábẹ́ àgbọ̀n, ọ̀kan wà lábẹ́ ahọ́n. Àwọn kéékèèké mìíràn, tí iye wọn ju 500 lọ, fọ́n káàkiri inú ètè, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti àjà ẹnu. Gbogbo wọn papọ̀ ń pèsè itọ́ tí ó tó ìdajì lítà sí lítà kan àbọ̀ lójúmọ́. Èyí tí ó wà níwájú etí ni ó tóbi jù. Àwọn Faransé ń pè é ní parotide, orúkọ tí wọ́n mú láti inú èdè Gíríìkì, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ «ẹ̀bá etí». Kò jìnnà sí ìdí etí tí àwa náà ń pè é. Ní ọdún 1660, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Dẹ́ńmákì kan, Niels Stensen, ń tú orí àgùntàn palẹ̀ ní Amsterdam nígbà tí ó rí ọ̀nà tóóró tí itọ́ ń gbà láti ibẹ̀ wọ inú ẹnu. Ìwé ẹ̀kọ́ Faransé ń pe ọ̀nà náà ní canal de Sténon títí di òní.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ kókó náà. Ọ̀rá wà káàkiri ara ènìyàn. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé ní ibì kan, ọ̀rá yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ, tí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan yóò yí i ká, tí yóò sì di kókó. Lipome ni àwọn dókítà ń pè é. Ní ẹ̀yìn, ní èjìká àti ní apá, ó wọ́pọ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n ní orísun itọ́, ó ṣọ̀wọ́n: nínú 100 kókó tí ó bá yọ ní parotide, èyí tí ó jẹ́ ọ̀rá kì í sábà tó 5. Nígbà mìíràn, ọ̀rá náà máa ń dàpọ̀ mọ́ ẹran orísun itọ́ fúnra rẹ̀ nínú awọ kan ṣoṣo. Ní ọdún 2001 ni Nagao àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jàpáánì ṣàpèjúwe irú èyí lára ènìyàn méje, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní sialolipome.

Kókó ọ̀rá kì í ṣe jẹjẹrẹ. Kì í ràn. Kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ayé. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń dàgbà, kì í sábà dunni, ó sì máa ń rọ̀ bí a bá fọwọ́ kàn án. Kò sí ìpara tàbí ìfọwọ́ra tí ó lè yọ́ ọ. Bí ẹni tí ó ní i bá tilẹ̀ rù, kókó náà kò ní bá a rù.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, èéṣe tí a kò fi sọ fún ìyá náà pé kí wọ́n lọ fọkàn balẹ̀? Nítorí pé ọwọ́ kò ní ojú. Ohun púpọ̀ ni ó lè wú ní ìdí etí àti ní abẹ́ àgbọ̀n. Ṣegede máa ń mú ibà àti ìrora wá, ó sábà máa ń wú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó sì máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Òkúta kékeré lè dí ọ̀nà itọ́: nígbà tí a bá ń jẹun ni ibẹ̀ máa ń wú tí ó sì ń dunni, yóò sì rọlẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ. Irú kókó kan tún wà tí ó wọ́pọ̀ ju ti ọ̀rá lọ, tí wọ́n ń pè ní adénome pléomorphe: kì í ṣe jẹjẹrẹ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fi í sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè yí padà di jẹjẹrẹ. Jẹjẹrẹ gan-an kò sì ṣàìsí níbẹ̀. Òtítọ́ ni pé nínú 100 kókó parotide, bí 80 ni kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ẹni tí ó wà lára 20 yòókù? Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kókó tí ó ń yára dàgbà, tí ó le, tí kò ṣe é mì, tí ó ń dunni, tàbí tí ó ń fa ẹnu sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò gbọdọ̀ dúró de ọ̀la.

Abẹ ẹni tí ó gbọ́n lójú ara rẹ̀ ńkọ́? Yorùbá ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Iṣan kan wà tí ń gbé àṣẹ láti ọpọlọ lọ sí ojú. Ó jáde láti inú agbárí ní ẹ̀yìn etí, ó wọ inú parotide, ó sì pín sí ẹ̀ka márùn-ún níbẹ̀. Ẹ̀ka kan ń gbé iwájú orí sókè, ọ̀kan ń pa ìpéǹpéjú dé, ọ̀kan ń mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín, ọ̀kan ń darí ètè ìsàlẹ̀, ọ̀kan sì sọ̀ kalẹ̀ sí ọrùn. Bí abẹ bá gé iṣan yìí, ẹ̀gbẹ́ ojú náà yóò rọ: ẹyinjú kò ní lè pa dé, omi tí a ń mu yóò máa dà láti ẹnu, ẹ̀rín yóò sì wọ́. A ó ti torí ọ̀rá tí kò ṣe ẹnikẹ́ni níbi ba ojú ènìyàn jẹ́. A kò sọ èyí láti tàbùkù àwọn oníṣègùn wa. Àwọn tí ó mọṣẹ́ nínú wọn mọ ibi tí ọwọ́ wọn dé, wọn a sì máa darí aláìsàn sí ibi tí ó yẹ.

Dókítà etí, imú àti ọ̀fun, tí a ń pè ní ORL, ni ó ni iṣẹ́ yìí. Yóò fọwọ́ wo kókó náà, yóò sì ní kí aláìsàn di ojú, kí ó fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, kí ó rẹ́rìn-ín, kí ó lè mọ̀ bóyá iṣan ojú ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni échographie, tí kì í dunni. Bí ó bá pọn dandan, scanner tàbí IRM yóò tẹ̀lé e. Àwọn wọ̀nyí máa ń fi ọ̀rá hàn kedere. Nígbà mìíràn, wọn a fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín fa díẹ̀ nínú rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Bí ó bá dájú pé ọ̀rá ni, tí kò sì da ẹni náà láàmú, wọ́n lè fi í sílẹ̀, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ. Bí ó bá ń dàgbà, wọ́n lè yọ ọ́. Oníṣẹ́ abẹ yóò wá iṣan náà rí, yóò sì dáàbò bò ó, bí ó ti ń yọ kókó.

A bá ìyá náà lọ sí Kútọnu. Owó èésú tí wọ́n fẹ́ fi ra ọjà ni ó san owó ọkọ̀ àti ti àyẹ̀wò. Ọ̀rá ni wọ́n bá níbẹ̀. Nítorí pé ó ṣì ń dàgbà, wọ́n gbà kí a yọ ọ́ ní oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ètè ìsàlẹ̀ wọn rọ díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì padà bọ̀ sípò, gẹ́gẹ́ bí dókítà ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé ó lè ṣẹlẹ̀. Nígbà tí a lọ kí wọn, wọ́n ní: «Ọmọ mi, ọdún mẹ́rin ni mo fi ń gbé ikú kiri ní ìdí etí. Àṣé ọ̀rá ni!»

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ẹ máa wo àwọn òbí yín dáadáa. Bí gèlè tàbí fìlà bá ń bo ibì kan ju bí ó ti yẹ lọ, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ìtìjú yín tàbí tiwọn pa ìbéèrè náà. Bí ẹ bá sì gbọ́ pé ẹnì kan ń pọ́n abẹ nítorí kókó ìdí etí, ẹ sáré lọ sọ fún un pé iṣan ojú wà níbẹ̀.