Bréékà Ńlá Kò Gba Ilé Là

Láti Òkè-Ìyìnmi ní Adó-Èkìtì dé Ìwòrókó, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì (EKSU) ń gbé, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu onílé àti ayálégbé: bí bréékà bá ń já ṣáá, ó kéré ni, ẹ lọ ra ti áńpù 40. Irọ́ ni. Irọ́ tó ń jó ilé ni.

Bréékà kò ṣọ́ tẹlifíṣọ̀n, kò ṣọ́ fíríìjì. Wáyà inú ògiri ló ń ṣọ́.

Wáyà bàbà 2.5 mm² tí a ń fà sí sọ́kẹ́ẹ̀tì, bó bá wà nínú páìpù, nǹkan bí áńpù 24 ló lè gbé. Bó bá gba abẹ́ páànù kọjá nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, kò tó bẹ́ẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ wá tan sítóòfù mànàmáná méjì àti kẹ́tùlù pa pọ̀, ká ní ó jẹ́ wáàtì 7,000. Áńpù 30 nìyẹn. Bó pẹ́ bó yá, kí wákàtí kan tó pé, bréékà 20 á já. Èyí tí wọ́n kọ 40 sí lára kò ní mira. Àní ìlànà IEC 60898 tí wọ́n fi ṣe é ní kó gbé áńpù 45 fún odindi wákàtí kan láìjá! Wáyà ló ń jìyà gbogbo rẹ̀: bí áńpù bá di ìlọ́po méjì, ooru rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́rin.

Ẹ pa iná pátápátá, kẹ́ ẹ tú irú sọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ wò. Ike pupa ara wáyà á ti ṣú, á ti gan. Ẹ fọwọ́ kàn án, á máa rún bí èèpo ẹ̀pà. Bàbà ti wà níhòòhò nìyẹn.

Àwọn oníṣẹ́ iná kan á ní ṣebí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń fi bréékà 32 sórí 2.5. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wáyà tiwọn ń yí gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì po, á tún padà sídìí bréékà, tí iná fi ń gba ọ̀nà méjì wọlé. Bí tiyín bá parí sí sọ́kẹ́ẹ̀tì tó kẹ́yìn, ẹ má fi tiwọn ṣe àwíjàre. 20 ni tiyín.

Mo mọ̀ pé owó bréékà kò tó owó à ń fọ́ ògiri láti fa wáyà tuntun. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ dáná mànàmáná, kó fa wáyà 4 lọ sílé ìdáná, kó fún un ní bréékà 25 tirẹ̀. Kí onílé tó sanwó iṣẹ́, kó ní kí wọ́n ṣí bọ́ọ̀dù níṣojú òun, kó ka nọ́ńbà ara bréékà àti ti ara wáyà. Bó bá bá 40 lórí 2.5, kó má tíì sanwó.