Ọ̀dà Tí Òkúta Bó Kò Gbọdọ̀ Dúró De Kíkùn Gbogbo Ọkọ̀

Láàárín àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń ná Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, ìbáà jẹ́ àwọn tó ń gba Ìtoìkín kó ẹja lọ sí Ìkòròdú tàbí àwọn tó ń ti Lẹ́kkí wá ra ẹja lópin ọ̀sẹ̀, èrò kan wà tó ti fìdí múlẹ̀. Èrò náà ni pé bí òkúta bá ta lu ọkọ̀, tí ó sì bó ọ̀dà rẹ̀ níbi tí kò ju orí ìṣó lọ, ẹwà nìkan ló bà jẹ́, nítorí náà kí ọlọ́kọ̀ fi í sílẹ̀ títí irú rẹ̀ yóò fi pọ̀, kí ó tó wá gbé ọkọ̀ tọ péńtà lọ láti kun gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìwé yìí ta ko apá méjèèjì èrò náà. Kì í ṣe ẹwà nìkan ló bà jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kíkùn gbogbo ara ọkọ̀ kì í ṣe àtúnṣe fún un. Àdánù kejì ni.

Òkúta tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kò ṣọ̀wọ́n lágbègbè náà. Ìkọ́lé ti gbòde láàárín Lẹ́kkí àti Ẹ̀pẹ́, níbi tí wọ́n ti ṣí èbúté Lẹ́kkí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 tí wọ́n sì ṣí ilé-iṣẹ́ ìfọpo Dangote ní oṣù karùn-ún ọdún kan náà, àwọn típà tó ń kó iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ kò sì dẹ́kun lójú ọ̀nà, tó bẹ́ẹ̀ tí èyí tó bá já bọ́ lára ẹrù wọn á di ohun tí táyà ọkọ̀ iwájú ń ta lu ọkọ̀ ẹ̀yìn. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí òkúta fi ń gbá irin á di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí ojú bọ́nẹ́ẹ̀tì ẹni tó ń sáré tẹ̀lé típà pẹ́kípẹ́kí fi máa ń kún fún àpá.

Ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní ọ̀dà ọkọ̀ kì í ṣe ìpele kan ṣoṣo. Nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọkọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ fi èròjà fosfeti wẹ irin kí ọ̀dà lè dì í mú, lẹ́yìn náà wọ́n á ri gbogbo ara ọkọ̀ bọ inú àgbá ńlá tó kún fún ọ̀dà olómi, wọ́n á sì fi iná mànàmáná mú kí ọ̀dà náà lẹ̀ mọ́ irin dé kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ kò lè dé, ìlànà tí ilé-iṣẹ́ Ford ti ń lò láti àwọn ọdún 1960. Ìpele yìí, tí wọ́n ń yan nínú ààrò tí ooru rẹ̀ ń tó ìwọ̀n 160 Celsius tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni aláàbò irin gan-an. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ wà lórí rẹ̀, ọ̀dà aláwọ̀ tẹ̀ lé e, èyí tó mọ́ gaara tí àwọn péńtà ń pè ní kílíà sì bo gbogbo wọn. Síbẹ̀ àpapọ̀ nínípọn wọn kò ju díẹ̀ lọ lórí ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá mìlímítà.

Nígbà tí òkúta bá la gbogbo ìpele wọ̀nyí kọjá, omi àti ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ á kan irin, ibẹ̀ ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìpẹtà ń gba àyè ju irin tó ti wá lọ, nítorí bẹ́ẹ̀ ó máa ń ti ọ̀dà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sókè, omi á tún ráyè wọ abẹ́ èyí tó ti ṣí, irin mìíràn á dípẹtà, débi pé kí ọ̀dà tó wú sójú táyé, ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ti fẹ̀ ju ohun tí ojú ń rí lọ. Iyọ̀ sì ń mú un yá. Atẹ́gùn òkun ń gbé iyọ̀ wá bá ọkọ̀ tó ń sùn ní Lẹ́kkí, òjò ń rọ̀ lé e láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, ọkọ̀ tó sì ń gbé agbọ̀n ẹja àti yìnyín kúrò ní Olúwo kì í gbẹ tán kí wọ́n tó tún kó òmíràn sí i. Kò sí apẹja kan létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ tó máa rí ihò kan lára ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, tí yóò ní kí ó di mẹ́wàá ná kí òun tó dí i.

Ó tọ́ láti sọ pé kì í ṣe gbogbo ibi tó bó ló ń dípẹtà. Bọ́ńpà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ òde òní jẹ́ ike, ẹwà nìkan sì ni ọ̀ràn tirẹ̀. Bí ìsàlẹ̀ ibi tó bó bá ṣì jẹ́ àwọ̀ eérú tí kò dán, ọ̀dà ìpìlẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń dán bí irin tàbí tó ti pọ́n, ọ̀ràn ti dé ojú rẹ̀.

Àwọn tó ń dúró de kíkùn gbogbo ara ọkọ̀ gbà gbọ́ pé ọ̀dà tuntun yóò dára ju ti àtijọ́ lọ. Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Kò sí péńtà tó lè ri ọkọ̀ tí wọ́n ti tò tán bọ inú àgbá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lè yan án ní ìwọ̀n 160 láì ba wáyà, rọ́bà àti ike inú rẹ̀ jẹ́. Ohun tí sáńpépà bá sì ti ha kúrò lára ìpele aláàbò kì í padà sí ipò rẹ̀. Èyí tó burú jù ni pọ́tì, ìyẹn lẹ́ẹ̀ tó ń le tí wọ́n fi ń dí ojú irin, nítorí pé ó ń fa omi mu, bí wọ́n bá sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ orí ìpẹtà tí wọn kò ha tán, abẹ́ rẹ̀ ni irin yóò ti máa jẹrà lọ láìfarahàn. Àwọn tó ń ra tòkunbọ̀ mọ èyí dájú: wọ́n ń béèrè fún "first body", ọkọ̀ tí ọ̀dà àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, wọ́n sì ń san owó jù lórí rẹ̀. Ó yẹ kó ya ènìyàn lẹ́nu pé ohun tí olùrà ń fi owó wá yìí ni ọlọ́kọ̀ ń sanwó fún péńtà láti ha dànù.

Àtúnṣe tó bá ojú kékeré mu kékeré ni. Nọ́ńbà àwọ̀ ọkọ̀ ni ohun àkọ́kọ́. Nínú ọ̀pọ̀ Toyota, ó wà lára àwo irin kékeré tó wà lójú òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà C/TR, níbi tí 040 ti dúró fún funfun, 202 fún dúdú, 1F7 fún fàdákà. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi ọṣẹ fọ ibi tó bó tí wọ́n sì ti fi sípírítì nu ọ̀rá kúrò, wọ́n á fi ẹnu ọ̀bẹ tàbí etí sáńpépà tí wọ́n ká ha ìpẹtà títí irin yóò fi mọ́, láì fọwọ́ kan ọ̀dà tó dára ní àyíká rẹ̀. Wọ́n á kán ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó ń dènà ìpẹtà sí i lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí irin tó ṣí sílẹ̀ mọ́jú yóò tún dógùn-ún. Nígbà tó bá gbẹ, orí igi ìtayín tàbí búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín ni wọ́n á fi máa kán ọ̀dà aláwọ̀ sí i ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ọ̀kan gbẹ kí èkejì tó dé, títí yóò fi ga díẹ̀ ju àyíká rẹ̀ lọ. Kílíà ni wọ́n á fi parí rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, wọ́n lè fi sáńpépà 2000 àti omi tẹ́ ojú rẹ̀ pẹrẹsẹ. Kì í ṣe iṣẹ́ abẹ́ oòrùn gangan tàbí ti àkókò òjò.

Àwọn kan yóò takò ó pé àwọ̀ náà kò ní bára mu pátápátá. Òótọ́ ni, pàápàá lára ọkọ̀ aláwọ̀ fàdákà àti èyí tí oòrùn ti pa láwọ̀ dà. Ṣùgbọ́n àmì kékeré tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ wò nìkan lè rí kì í ṣe ẹgbẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ti lu. Kí àwọn tó ń po ọ̀dà ní Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú jọ̀wọ́ máa ta ìwọ̀n ìgò kékeré fún oníbàárà tó bá mú nọ́ńbà àwọ̀ ọkọ̀ rẹ̀ wá, kí wọ́n má ṣe fi dandan lé e pé odindi gálọ́ọ̀nù ni yóò rà.