Àgbò Méjì Kì í Mumi Nínú Koto Kan: Ẹ Yọ Anemone Kúrò Láàárín Iyùn

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ wa, àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti gboyè jáde tí agbára yín ti ká àpótí ẹja olómi iyọ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò ní fi sábẹ́ ahọ́n sọ: kò yẹ kí anemone àti iyùn jọ máa gbé inú àpótí kan náà nínú ilé. Àwọn tó ń tà á yóò ní kò séwu. Ewu ń bẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Iyùn tí a mọ̀ lọ́rùn ọba, egungun ẹ̀dá abẹ̀mí ni. Ẹ̀dá náà a máa lẹ̀ mọ́ àpáta; ibi tó bá dúró sí náà ni yóò wà títí tí yóò fi kú. Mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni anemone, àmọ́ anemone kò ní egungun, ó sì ní ẹsẹ̀ kan tó fi ń rìn. Bí ìmọ́lẹ̀ tàbí ìṣàn omi ibi tó wà kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á ká ẹrù rẹ̀, á máa lọ. Iyùn tí ọwọ́ rẹ̀ bá bà lójú ọ̀nà, yóò ta á ju wèrèpè lọ. Ẹran ara iyùn á kú, egungun funfun á yọ síta. Èyí tó ń rìn ń ta èyí tí kò lè sá. Ṣé àjọgbé nìyẹn?

Tó bá sì rìn dé ẹnu ẹ̀rọ tó ń ti omi kiri, ẹ̀rọ á fà á wọlé, á gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Omi á bàjẹ́, àtẹja àtiyùn sì lè kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Àwọn kan ní, “Ṣebí inú òkun kan náà ni wọ́n jọ ń gbé?” Bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ òkun kì í ṣe àpótí onílítà 200. Nínú òkun, omi ń gbé oró lọ, àyè sì wà láti sún. Àwọn mìíràn ní tiwọn ti wà pọ̀ fún ọdún mẹ́ta láìjà. Èyí tó jókòó lónìí lè rìn lọ́la. Kódà Entacmaea quadricolor, tó wọ́pọ̀ lọ́jà, a máa pín ara rẹ̀ sí méjì, ọ̀kan á sì wá ibùgbé mìíràn. A gbà pé ẹni tó ní àpótí ńlá, tó sì ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀, lè mú un jẹ. Àmọ́ ẹni tó ra àpótí lóṣù tó kọjá ni wọ́n ń tà á fún.

Àwáwí tó burú jù ni ti Nemo. Láti ìgbà tí fíìmù Finding Nemo ti jáde lọ́dún 2003, ọ̀pọ̀ gbà pé ẹja onílà funfun yẹn gbọ́dọ̀ ní anemone. Irọ́ ni. Nínú àpótí, níbi tí kò sí ẹja tó fẹ́ pa á jẹ, ó ń jẹun, ó ń yé ẹyin, láìsí anemone. Inú òkun ni kò ti lè ṣe é kó má ní in. Ẹ wá wò ó: bí wọ́n bá hú anemone lókun, ilé ẹja tí kò lè yè láìsí i ni wọ́n gbà, láti fi fún ẹja tí kò nílò rẹ̀. Àdéhùn CITES ń ṣọ́ òwò iyùn olókùúta láàárín orílẹ̀-èdè. Anemone kò sí nínú ìwé náà.

Ẹni tó bá fẹ́ràn anemone, kó fún un ní ilé tirẹ̀. Lọ́dún 1828, John Dalyell mú ọ̀kan létíkun Scotland, ó fi í sínú ìgò omi òkun. Dalyell kú lọ́dún 1851; wọ́n ń gba anemone náà lọ́wọ́ ara wọn títí ó fi kú lọ́dún 1887. “Granny” ni wọ́n ń pè é, ìyá àgbà. Irú ti omi tútù ni, ti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣòro í tọ́jú jù ú lọ. Síbẹ̀, ẹ̀dá tó lè pẹ́ láyé ju ẹni tó ń sìn ín lọ kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́.

Nítorí náà, ẹ ra èyí tó pín nínú àpótí ẹlòmíràn, kì í ṣe èyí tí wọ́n hú lókun. Ẹ jẹ́ kí omi àpótí rẹ̀ pé oṣù 6 ó kéré tán, kí iná rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, kí ẹ sì fi àwọ̀n bo ẹnu ẹ̀rọ. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí, kó jẹ́ kí iyùn rẹ̀ sinmi.