Ẹ Má Ta Kọ̀ǹpútà Abidjan Lọ́pọ̀

Ní Isundunrin àti káàkiri agbègbè Èjìgbò, ó ṣòro láti rí agbo ilé tí kò ní ẹbí ní Côte d'Ivoire. Láti ayé ìjọba amúnisìn ni àwọn ènìyàn wa ti ń lọ síbẹ̀. Lónìí, kọ̀ǹpútà alágbèéká wà lára ẹrù tí wọ́n ń gbé bọ̀ wálé fún àwọn ọmọ. Ohun tó ń bí mi nínú ni ìdájọ́ tó máa ń pàdé ẹ̀rọ náà nílé: "Ti Faransé ni, kò wúlò níbí." Bí a ṣe ń tà á lọ́pọ̀ nìyẹn, tí ọmọ yóò sì padà sí òfo.

Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí a yẹ ẹ̀sùn náà wò.

Wọ́n ní iná yóò jó o. Agbára iná Côte d'Ivoire kò jìnnà sí tiwa: bíi 230 fóltì ni méjèèjì. Ẹ ka ara ṣájà rẹ̀. Bí a bá kọ 100–240V síbẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń wọ ihò iná nìkan ló yàtọ̀: tiwọn jẹ́ róbótó méjì, tiwa jẹ́ pẹlẹbẹ mẹ́ta. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì tó ti Amẹ́ríkà wá ló yẹ kí a ṣọ́ra fún, nítorí 120 fóltì ni iná ọ̀hún. Bí bọ́tìnnì ẹ̀yìn rẹ̀ bá wà ní 115, tí a kò yí i sí 230, yóò jó.

Wọ́n ní lẹ́tà rẹ̀ dojú rú. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Lórí kíbọ́ọ̀dù Faransé, A àti Q gba ipò ara wọn, bẹ́ẹ̀ náà ni Z àti W. M pàápàá ṣípò. Èyí kì í ṣe eré fún ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò JAMB, tó ti di ti orí kọ̀ǹpútà pátápátá láti ọdún 2015. Bọ́tìnnì mẹ́jọ ni a lè fi ṣe ìdánwò náà: A, B, C, D fún ìdáhùn, P, N, S, R fún iṣẹ́ yòókù. Nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, A nìkan ló ṣípò. Ṣé nítorí lẹ́tà kan ni a ó fi gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ ọmọ? Ẹ yan kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì nínú ètò rẹ̀. Kò ná ni ní kọ́bọ̀. Kí ẹ wá lẹ lẹ́tà tuntun mọ́ àwọn bọ́tìnnì tó yí padà.

Kíbọ́ọ̀dù Gẹ̀ẹ́sì tí a ń gbé gẹ̀gẹ̀ pàápàá kò ní ẹ, ọ tàbí ṣ. Ti Faransé tilẹ̀ ní é, è àti à. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà.

Ẹ̀yin ará wa ní Abidjan, ẹ̀bi tiyín wà níbẹ̀. Ẹni tó fún ni lẹ́ṣin láìfún ni níjàánu kò tíì ṣe é tán. Ẹ yí èdè ẹ̀rọ náà sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ẹ sì fi ṣájà rẹ̀ gan-an sí i kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ̀yin òbí nílé, nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ẹ̀rọ ọmọ yín kò wúlò, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá òun kọ́ ló fẹ́ rà á.