Gbèsè Ìkọ̀kọ̀ Ògbólógbòó Híítà

Ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Bí ènìyàn bá wo híítà, ìyẹn àgbá kékeré tí a gbé kọ́ ara ògiri ilé ìwẹ̀, tí ó ń fi iná mànàmáná mú omi gbóná, yóò rò pé ìnáwó orí rẹ̀ ti tán ní ọjọ́ tí a rà á. Èrò yìí kò tọ̀nà. Bí ẹ̀rọ náà bá ti gbó, ojoojúmọ́ ni ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ará ilé láìjẹ́ kí wọn mọ̀.

Ní ayé àtijọ́, ìnáwó omi gbígbóná kò farasin. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, ìyá a kó igi sí ìdí ààrò, a gbé ìkòkò ka iná, gbogbo ará ilé a sì máa fojú rí i bí igi ti ń tán lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ wẹ omi gbígbóná lẹ́ẹ̀mejì yóò kọ́kọ́ ronú ẹni tí yóò tún ṣẹ́ igi wá. Ọ̀làjú dé, ó sì mú ìrọ̀rùn wá. Ní 1958 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa kọ́ ilé fún àwọn ará ìlú. Ní 1959 ni iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ lórí àwọn ilé ìgbàlódé Bódìjà ní Ìbàdàn. Lónìí, ní Bódìjà, ní Ring Road àti ní Challenge, híítà wà ní ọ̀pọ̀ ilé àwọn tí ọwọ́ wọn tó o. Iná mànàmáná kì í rú èéfín, kì í sì í fi eérú sílẹ̀. Nítorí náà, ojú kì í rí ohun tí ó ń jẹ.

Ìṣirò ni yóò fi í hàn. Bí híítà kan bá gba omi 50 lítà, nǹkan bí yúnìtì iná 2 ni yóò gbà láti mú omi náà kúrò ní ìwọ̀n ooru 25 dé 60. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, owó yúnìtì kan fún àwọn tí ó wà ní ìpele A, tí a ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún, fò láti nǹkan bí N68 dé N225. Ní oṣù karùn-ún, ó rọlẹ̀ sí nǹkan bí N207. Bí a bá fi N200 ṣe ìṣirò wa, N400 ni owó àgbá omi gbígbóná kan. Èyí kì í ṣe òfò, nítorí pé a lo omi náà. Òfò wà nínú ooru tí ó sá lọ kí ẹnikẹ́ni tó wẹ̀. A ti fi ohun kan tí ó rí bí òwú wé ara àgbá náà nínú, kí ooru má baà jáde. Nígbà tí ohun ìwéra yìí bá gbó, tí omi sì rin ín, ooru a máa sá, híítà a sì tún máa gba iná láti dá a padà, tọ̀sán-tòru. Bí yúnìtì kan péré bá ń ṣòfò báyìí lójúmọ́, ó di N73,000 láàrin ọdún kan. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ìnáwó kejì wà nínú ikùn àgbá náà. Àwọn tí ó ṣe híítà fi ọ̀pá magnesium kan sínú rẹ̀, kí ìpẹtà lè máa jẹ ọ̀pá náà dípò kí ó jẹ àgbá. Ọ̀pá yìí ni ó fi ara rẹ̀ ṣe ẹbọ ìrọ́pò. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún mélòó kan, yóò jẹ tán, bí a kò bá sì fi òmíràn sí i, àgbá ni ó kàn. Bákan náà, omi kànga-dẹ̀rọ a máa ní èròjà ilẹ̀ tí í dì mọ́ irin tí ń mú omi gbóná, bí ẹfun ti í dì sí ìdí kẹ́tùrù. Irin náà yóò gbóná ju bí ó ti yẹ lọ títí yóò fi jó. Omi a wá bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ẹ̀kán kan ní ìṣẹ́jú àáyá kan kò jọ ohun bàbàrà, ṣùgbọ́n ẹ̀kán 86,400 ni lójúmọ́. Àjà a rà, ọ̀dà ògiri a bó, onílé a sì máa bínú sí òjò.

Èyí tí ó burú jù lọ kì í ṣe ti owó. Bí irin inú híítà bá là, tí wáyà tí ó yẹ kí ó wọ ilẹ̀ kò sì sí, iná lè gba inú omi wá bá ẹni tí ń wẹ̀. Àwọn mìíràn a máa fi ẹ̀rín sọ pé, “Ó kàn ń ta ènìyàn díẹ̀ ni.” Ìkìlọ̀ ikú ni ìtani náà! Bẹ́ẹ̀ ni omi a máa fẹ̀ bí ó bá gbóná. Bí ohun tí ń pa iná fúnra rẹ̀ bá bàjẹ́, tí ihò tí omi yóò gbà mí sì dí, àgbá náà lè bẹ́.

Ta ni ó wá ń san gbèsè yìí? Ní ilé àyágbé, onílé ni ó ni híítà, ayálégbé ni ó ń ra iná sí mítà. Onílé a ní, “Ṣé omi kò gbóná ni?” Ayálégbé kò sì lè ra híítà tuntun sí ilé tí kì í ṣe tirẹ̀, nítorí kò mọ ibi tí òun yóò wà ní àmọ́dún. Ẹni tí ó lè ṣe àtúnṣe kò rí owó tí ń sọnù. Ẹni tí owó ń sọnù lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè ṣe àtúnṣe. Èyí kò tọ́. Ẹni tí ó ń gba owó ilé ní láti mọ̀ pé ààbò àwọn tí ń gbé inú ilé náà wà lára ohun tí òun ń gba owó lé lórí.

Òtítọ́ ni pé ìtọ́jú nǹkan jẹ́ ìwà ọmọlúàbí, owó híítà tuntun kò sì kéré. Kò yẹ kí á sọ ohun kan nù nítorí ọjọ́ orí rẹ̀ nìkan. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú yàtọ̀ sí ìgbàgbé. Ẹni tí ń tọ́jú híítà yóò máa pa á nígbà tí kò bá sí ẹni tí yóò wẹ̀. Yóò pe oníṣẹ́ iná kí ó wo wáyà àti irin rẹ̀. Yóò pààrọ̀ ọ̀pá tí ìpẹtà ti jẹ. Yóò fọ ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ àgbá. Bí àgbá náà fúnra rẹ̀ bá ti ń jò, kò sí àtúnṣe mọ́. Kí ó rà tuntun. Igi gànǹgàn má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti í wò ó. Omi gbígbóná dára ní òwúrọ̀ ọyẹ́, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀mí rẹ̀ san owó rẹ̀.