Ilé-Ẹ̀kọ́ Ti Ṣílẹ̀kùn, Kí Ilé Má Ṣe Tì Í

Bí a ti ń yọ̀ ní ọjọ́ àjọ̀dún yìí, ó yẹ kí a bi ara wa léèrè: ẹ̀kọ́ tí a ń fún àwọn ọmọbìnrin wa, ibo ni a fẹ́ kí ó gbé wọn dé?

Àwọn kan ń wí pé ìjà fún ẹ̀tọ́ obìnrin ti parí, nítorí obìnrin ti di dókítà, adájọ́ àti ọ̀jọ̀gbọ́n. A kò sẹ́ pé nǹkan ti yí padà. Ní ọdún 1914, olóògbé Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti wà lára àwọn ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tí ó wọ Abẹ́òkúta Grammar School. Ìwé tí ó kà kò mọ sí orí òun nìkan. Òun àti àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé kíkà, wọ́n sì jọ dìde lòdì sí owó orí tí ìjọba ń gbà lọ́wọ́ obìnrin tí kò ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀. Ní 1948, ìjọba dá owó orí náà dúró.

Síbẹ̀, iṣẹ́ ṣì kù. Ní 2014 ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àṣà Ìgbò tí kò jẹ́ kí ọmọbìnrin jogún baba rẹ̀ lòdì sí òfin. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọbìnrin Selofehadi ti gbé irú ẹjọ́ yìí lọ síwájú Mósè, Olúwa sì dá wọn láre. Lẹ́yìn ìdìbò 2023, nínú àwọn sẹ́nétọ̀ 109, àwọn obìnrin kò tó 10.

Ẹ̀rù ń ba àwọn mìíràn pé ọ̀rọ̀ yìí yóò tú ilé ká. Ṣùgbọ́n Ìyálóde ti ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlú kí òyìnbó tó dé, ilé kò sì tú. Àwọn àgbà pàápàá wí pé bí ọkùnrin rí ejò, tí obìnrin pa á, kí ejò má ṣáà lọ.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọkùnrin bá ń kàwé nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ń fọ abọ́ ní gbogbo alẹ́, ẹ̀kọ́ wo ni wọ́n ń kọ́ nílé? Bí owó ilé-ẹ̀kọ́ kò bá tó fún ọmọ méjì, ọmọ wo ni a kọ́kọ́ ń yọ? Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde ẹlẹgbẹ́ wa, nígbà tí ẹgbẹ́ bá péjọ, àwọn wo ni ń bójú tó oúnjẹ, àwọn wo ni a sì ń yàn ṣe alága? A rọ̀ yín pé kí a pín iṣẹ́ ilé láàrin ọmọ gbogbo, kí a sì fi ipò fún ẹni tí ó tọ́ sí i nígbà tí a bá tún yan olóyè, ìbáà ṣe obìnrin.